Tọkọtaya Ẹnu Géètì

Mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìwòròkò kọjá lọ́sàn-án Sátidé, tó sì wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí lẹ́yìn àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí géètì Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣòkòtò péńpé ọkùnrin rèé, kọ́mú obìnrin rèé, pẹ́ẹ̀gì kan náà ló dì wọ́n mú. Ọwọ́ kan ló fọ méjèèjì. Ṣé ìyá ọlọ́wọ́ mọ̀?

Wọ́n ń gbé pọ̀ ni. Wọn ò fẹ́ra, wọn ò mọ ilé ara wọn, wọn ò tíì jáde ìwé. Èyí ọkùnrin gbé gáàsì wá, èyí obìnrin gbé ìkòkò àti fíríìjì wá, wọ́n dá owó ilé jọ, ìgbéyàwó ti dé nìyẹn! Níṣojú ọlọ́kadà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ọkọ mi, ìyàwó mi. Kò sí alága ìjókòó, kò sí ìdọ̀bálẹ̀. Iṣu méjìlélógójì tí bàbá ọmọ ìbá gbà ṣì wà lóko olóko.

Wọ́n ní ọ̀kan wà tó ń gúnyán fún ọmọkùnrin tirẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráídè. Iyán o! Ní Èkìtì yìí, níbi tí ìyá ọkọ ti máa ń fojú ṣọ́ bí ìyàwó ṣe ń di ọmọ odó mú. Bí bàbá ọmọ bá pè sórí fóònù, ọmọkùnrin náà ò gbọdọ̀ wúkọ́. Lọ́jọ́ tí bàbá wá dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà kó ẹrù ọmọkùnrin náà sọ́dọ̀ ará yàrá kejì: bàtà, ìwé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbàgbé kílípà sórí tábìlì. Bàbá mú un, ó yí i wò, ó ní ta ló ń fá irùngbọ̀n níbí. Ọmọ ní ti ẹni tó wá tún iná ṣe ni. Bàbá jẹun, ó gbàdúrà, ó lọ sí gáréèjì. Ẹ̀yin, ṣé ẹ gbà á gbọ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, gbogbo wa la pariwo nígbà tí ìròyìn jáde pé pásítọ̀ kan kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ láti Kàdúná wá sí ibùdó kan ní Ọ̀mùò-Òkè-Èkìtì, tí wọ́n ní ó ń bu ₦310,000 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gba géètì ibẹ̀ wọ ọ̀run. Láti Ọjà Ọba dé Bàsírì ní Adó-Èkìtì níbí la fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Géètì tiwọn tilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ló ń lọ. Ibo ni ti Ìwòròkò ń lọ?

Mi ò sọ pé kí èèyàn má gbé pọ̀ o. Agbo ilé ló bí wa. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947: láyé ìgbà náà, àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná, ọba wọn ń ṣọ́ wọn, síbẹ̀ ìgbà kan wà tí ọkùnrin ń gbé apá kan ìlú, tí obìnrin ń gbé apá kejì. Àwọn tó pín gbogbo nǹkan kò pín yàrá!

Ẹjọ́ àwọn ọmọ yìí nìkan kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ibùsùn inú ọgbà lọ. Yunifásítì tí Ààrẹ Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009 ń gbé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sínú ọgbà, wọn kì í jáde láìgbàṣẹ. Ọwọ́ onílé ni àwọn tiwa bọ́ sí, onílé sì ni mo dá lẹ́bi jù. Ó béèrè owó ọdún kan, ó béèrè owó ejẹ́ǹtì àti agírímẹ́ǹtì, kò béèrè pé ta nìyí sí ọ. Bí owó bá wọ ọmọbìnrin lọ́rùn, á ní kó lọ wá ẹnì kejì. Irú ẹni kejì wo, kò kàn án. Tó bá di Sọ́ńdè, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jókòó sí.

Ẹ̀yin onílé Ìwòròkò, nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ gba nọ́ńbà bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì pè é níṣojú ẹni tó gbé gáàsì wá.