Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Fi Náírà Ṣírò Àbíjàn

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ìwé ìnáwó tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ẹ sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ bí ìgbà tí gómìnà bá ń fọwọ́ sí òfin. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo kà á sétí àwọn ará wa ní Treichville níbí ní Àbíjàn, ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un kà. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń fèsì. Gbangba náà lẹ ti kéde níbi ìpàdé ìdílé ní Èjìgbò pé Àbíjàn ò jìnnà ju ẹ̀yìnkùlé lọ, pé ọmọ yín á gboyè níbẹ̀ lówó táṣẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ilé gbígbé: kò sí ìnáwó, àbúrò mi wà níbẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà ti wá di owó tí ẹ kò ní san nìyẹn? Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí bàbá wa kọ́kọ́ dé Treichville, ará Èjìgbò kan ló gbà á sílé, ó sùn sórí ẹní lẹ́yìn ìsọ̀. Ohun tí ẹ kì í sọ ni pé láti ìdájí títí dalẹ́ ni bàbá ń bá onílé rẹ̀ pàtẹ, tó ń rẹrù, tó ń kó ọjà wọlé. Ẹní yẹn lówó lórí, iṣẹ́ ni wọ́n fi san án. Bí ọmọ yín bá wá sùn lọ́dọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́, ìyàwó mi ti mọ ibi tí yóò fi í sí láago méje àárọ̀, kì í sì í ṣe kíláàsì.

Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny tí ẹ ń pariwo rẹ̀ wà ní Cocody, lódìkejì ọ̀sà Ébrié. Ẹni tó bá ti Treichville lọ síbẹ̀ yóò gun afárá, yóò la Plateau já, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí kì í mójú ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kọ ọ́ pé: “Ọkọ̀: á máa fẹsẹ̀ rìn.” Àfi tó bá máa rìn lórí omi! Ọkọ̀ SOTRA wà, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní gbaka wà, takisí woro-woro wà, ọkọ̀ ojú omi náà wà. Owó ni gbogbo wọn ń gbà, lálọ àti lábọ̀, lójoojúmọ́ ayé.

Nítorí náà, ẹ wá yàrá fún un nítòsí ilé ìwé, kó bá akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pín in. Yàrá inú ọgbà ò wọ́n, àmọ́ àwọn tó ń dù ú pọ̀ ju ibùsùn lọ. Tó bá wá di ilé ìta, òfin tí wọ́n ṣe níbí ní 2018 sọ pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù 2 fún ìdúró, tí wọ́n ń pè ní caution, àti owó oṣù 2 àsansílẹ̀. Ẹ fi owó oṣù kan ti ajẹ́ntì kún un. Ká ní yàrá náà jẹ́ 60,000 sẹ́fà (CFA), owó tí a ń ná níbí, lóṣù, ọmọ yín yóò ti kó 300,000 sílẹ̀ kó tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Kò tíì ra bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì ra ìkòkò. Onílé mìíràn á sì ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ nípa òfin náà rí.

“Owó ilé ìwé: 30,000 sẹ́fà.” Níbí yìí, ará Treichville kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Òótọ́ ni pé iye tí ìjọba ibí fi lélẹ̀ ní 2012 fún oyè Licence, tí í ṣe ọdún 3 àkọ́kọ́, nìyẹn. Àmọ́ ti ọmọ onílẹ̀ ni. Ọmọ Èjìgbò lọmọ yín, kì í ṣe ọmọ Bouaké. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 á gbé e kọjá ẹnubodè láìgba físà, kò ní sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ níwájú akáwó. Iye tí àjèjì ń san ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ béèrè iye ti ọdún tó fẹ́ wọlé lọ́wọ́ ilé ìwé fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Tó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni ni, ẹ béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀, owó ọdún lọ́tọ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n lè pín in san.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá Nàìjíríà gba oyè ilé ìwé náà wọlé. Ẹ ò gbàgbé oṣù kìíní 2024, nígbà tí ìjọba wa kò fọwọ́ sí oyè láti Benin àti Tógò mọ́, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan gba ìwé ẹ̀rí ní Kòtónù. Ẹ fi owó títúmọ̀ ìwé ẹ̀rí láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé yín, nítorí ọ́fíìsì tó ń yẹ oyè wò ní Àbújá kì í ka Faransé.

A wá dé orí èyí tó dùn mí jù: náírà ni ẹ fi ṣe gbogbo ìṣirò. Ní oṣù karùn-ún 2023, 100,000 sẹ́fà kò tó 80,000 náírà ní iye tí báńkì àpapọ̀ ń kéde. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2024, 100,000 sẹ́fà yẹn kan náà ti lé ní 200,000 náírà. Onílé Àbíjàn ò fi kọ́bọ̀ kan lé owó ilé, síbẹ̀ ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni bàbá tó wà ní Èjìgbò ń wá kiri. Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù, 655.957 sí euro kan, kì í sábà mì. Ẹ̀ẹ̀kan tó mì gan-an, ní oṣù kìíní 1994, ìdajì iye rẹ̀ ló lọ lóru ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò wa àtijọ́ ṣì ń sọ ọ́. Ti náírà kì í dúró de oru.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ má ṣe pín owó náà sí oṣooṣù pé “á máa rí i gbà.” Ẹ kó owó ọdún kan jọ, ẹ sọ ọ́ di sẹ́fà kó tó wọkọ̀. Ẹ kò ní rìn jìnnà. Ìlú wo ló tún wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń ná sẹ́fà bí Èjìgbò? Kí ẹ ṣáà yẹ owó náà wò dáadáa, torí sẹ́fà ti Kamẹrúùnù, ọjà wa níbí kì í gbà á.

“Oúnjẹ: gàrí àpò méjì.” Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ attiéké lẹ fẹ́ kó gàrí lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, ni UNESCO kọ sínú ìwé àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2024. Garba, ìyẹn attiéké pẹ̀lú ẹja tuna díndín, ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé ọjọ́ ró. Ẹ fi àyè gàrí sílẹ̀ fún ìwé. Ọkọ̀ tó ń ti Èjìgbò bọ̀ yóò kọjá ẹnubodè 4, ẹrù tó bá sì pọ̀ ni wọ́n máa ń tú wò.

Ẹ ò kọ nǹkan kan nípa Faransé. Ẹ ní àwọn ará wa gbọ́ ọ. Faransé “ẹ wá rà á, mo bù ú fún yín” ni tiwa, kò lè gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Iléèwé Nigeria French Language Village ti wà ní Àjàrá, Badagry, láti 1991. Náírà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Gbogbo oṣù tó bá lò níbẹ̀ jẹ́ oṣù kan tí kò ní fi sẹ́fà ṣòfò ní Cocody lójú pátákó tí kò yé e.

Ẹ tún fi ọdún kan lé ìṣirò yín. Ẹ ní ẹ̀ ń sá fún ASUU tó dá ìwé dúró fún oṣù 8 ní 2022. Mo gbà. Àmọ́ yunifásítì ìjọba níbí náà ti ilẹ̀kùn láti 2011 títí di oṣù kẹsàn-án 2012 lẹ́yìn ogun ìdìbò. Ẹni tó bá ṣètò ọdún 3 géérégé ń fi owó ọmọ ta ayò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà pè mí fúnra rẹ̀. Ó béèrè iye fọ́tókópì ojú ewé kan, iye káàdì ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti bóyá Wave, tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù níbí, ń gba owó lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Mo ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé bírò fún un. Ẹ̀yin ẹ wá owó. Ẹni tó máa ná an ni kó kọ ìwé ìnáwó.

Èmi ni àbúrò yín, tí yóò se ọbẹ̀ ilé fún un ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Àfikún: Kó má wọ jẹ́sì Super Eagles wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Láti 11 oṣù kejì 2024 tí àwọn ará ibí ti fi 2–1 gba ife Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ebimpé, wọn ò tíì simi ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn nìkan ni wọn kì í gbowó rẹ̀ ní Àbíjàn.