Àlááji Kìnnìún Lọ Gẹ Irun

Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, onígbàjámọ̀ Ọjà Ìpàtà n'Ílọrin, àti Àlááji Kìnnìún.

Ẹ sáà mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ pa ẹran Iléyá kì í fọwọ́ kan irun láti ìgbà tí oṣù bá ti lé títí yóò fi dúńbú àgbò. Irun Àlááji ti kún bò ó lójú. Dọ́bà sì ń bọ̀, ó fẹ́ gẹṣin níwájú ààfin Ẹ́míà. (Ẹṣin ò tíì gbọ́ sí i.) Bó ṣe jẹran tán ló gba ṣọ́ọ̀bù Ìjàpá lọ.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó nawọ́ sí àwòrán oríṣiríṣi irun tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lábẹ́.

"Àlááji, èwo lẹ fẹ́ níbẹ̀?"

"Irú èmi yìí ni kó máa ka nọ́ńbà? O ò mọ irun tó yẹ àgbà ni? Díẹ̀ ni o!"

Ló bá sùn lọ fọnfọn.

Díẹ̀ tí wọn ó gé kúrò ni, àbí díẹ̀ tí yóò kù? Ta ni yóò jí kìnnìún bi í? Orí Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò sì ní fọ́nrán irun kan. Lójú tirẹ̀, díẹ̀ gan-an ti pọ̀ jù. Ó yọ kóòmù ẹnu kílípà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú orin sẹ́nu:

Àlááji, ṣé kí n gé e?
*Kìrìṣì, kìrìṣì.*
Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ mi orí.
*Kìrìṣì, kìrìṣì.*
Orí ti mì, mo ti gé e.
*Kìrìṣì, kìrìṣì.*
Tẹ̀yìn ńkọ́, ṣé kó lọ?
*Kìrìṣì, kìrìṣì.*

Oorun ń mi orí Kìnnìún síwá sẹ́yìn, Ìjàpá ń gé e lọ.

Sípírìtì ló ta Àlááji jí. Ó wo dígí, ó ní: "Ológbò ta ló jókòó sórí àga mi?"

Ó fẹ́ bú ramúramù, àmọ́ Ìkookò tó ń wá owó ọdún ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Áà, Àlááji! Irun Mẹ́kà!"

Kìnnìún wúkọ́. "Ohun tí mo ní kó ṣe nìyẹn."

Kílẹ̀ tó ṣú, Ìkookò, Ajá àti Ọ̀yà ti fárí kodoro, Ìjàpá ń ka owó. Lọ́jọ́ Dọ́bà, Ẹṣin ò mọ̀ pé kìnnìún ló gun òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ gẹ irun, àwòrán wà lára ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn.