Irin Tí Kì Í Gba Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin awakọ̀ Micra ìlú Ìbàdàn, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń já èrò sílẹ̀ láàárín títì ní Dùgbẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ nà síta lójú fèrèsé lẹ fi ń júwe ọ̀nà, òun lẹ fi ń gba owó, òun náà lẹ sì fi ń bú ẹni tó wà lẹ́yìn. Bí iná tó ń darí ọkọ̀ bá pupa, ẹ ó wo ọ̀tún, ẹ ó wo òsì. Bí ọlọ́pàá ò bá sí níbẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé lójú yín nìyẹn.

A ti ní aládùúgbò kan tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021 ni Ààrẹ Buhari ṣí réluwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tó parí sí Mọníyà. Àléébù rẹ̀ kan ni pé Mọníyà ló máa ń já èrò sí, á wá fà wọ́n lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ gbé wọn dé Challenge. Ẹni tó ti ń sùn bọ̀ láti Abẹ́òkúta, inú Micra yín ló ti máa ń rántí àdúrà.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń darí réluwéè. Wọ́n gé ojú irin sí abala-abala, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú abala kan. Bí ẹnì kan bá ti wà níbẹ̀, iná ẹnu abala náà á pupa, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró, Ààrẹ ì báà wà nínú rẹ̀. Tiyín ńkọ́? Àlàfo tí kẹ̀kẹ́ ò lè gbà ní Ring Road, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ti jọ ń dù ú.

Níbi tí alọ àti àbọ̀ bá ti ń lo irin kan náà, wọn kì í fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ojú lásán. Ní 1874, ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn ní Thorpe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iṣẹ́ wáyà tí wọ́n jẹ́ lódì. Ní 1878, Edward Tyer gbé ọgbọ́n kan jáde: awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba àwo irin pẹlẹbẹ kan kó tó wọ abala. Ẹ̀rọ ìbùdókọ̀ méjèèjì so mọ́ra. Bí àwo kan bá ti jáde, òmíràn ò ní jáde àfi bí wọ́n bá dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àwo yẹn wá sí Challenge láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ayédèrú rẹ̀ á ti wà lórí àtẹ ní Gate: "Tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ ni, àbí tuntun?"

Ní 1872, William Robinson ará Amẹ́ríkà ti sọ irin fúnra rẹ̀ di ọlọ́dẹ. Iná mànàmáná díẹ̀ ń gba irin kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí àmì fi àwọ̀ ewé hàn. Bí ẹsẹ̀ réluwéè bá ti gorí irin méjèèjì, ó ti dá iná yẹn lọ́nà, àmì á pupa. Bí wáyà bá já, pupa. Bí bátìrì bá kú, pupa. Ohun tí kò bá ti dá réluwéè lójú, dídúró ni. Ẹ̀yin, ohun tí kò bá dá yín lójú, ẹ ó fun fèrè, ẹ ó ní "Ọlọ́run ń bẹ", ẹ ó tẹná.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe níbi tí títì ti dábùú ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà. Réluwéè tó bá ń sá 150 kìlómítà ní wákàtí kan lè lo nǹkan bíi kìlómítà kan kó tó dúró. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, 2023, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bọ́ sójú irin ní Ṣógúnlé, réluwéè sì gbá a. Ènìyàn 6 ló kú. Àwàdà ò sí níbẹ̀ yẹn.

Èyí tó máa dùn yín jù ló kù. Níbi tí irin ti pínyà, wọ́n ti so ohun tó ń yí irin mọ́ ohun tó ń yí àmì. Bí ọ̀nà bá ti ṣí fún ọkọ̀ kan, gbogbo ọ̀nà tó lè gbé ẹlòmíràn wá kò ó ti tì pa. Olùdarí gan-an ì báà fẹ́ ṣojúsàájú, irin náà kò ní yí. Kò mọ "ẹ̀gbọ́n mi wà ní Sẹkitéríàtì", kò sì gba "ọ̀gá, ẹ fi ra nǹkan tútù".

Bí ìjọba bá fi irú rẹ̀ sí oríta Challenge, mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ ó pe ìpàdé lé e lórí, ẹ ó ní kò tíì san owó ìwọlé ẹgbẹ́, kó sì já tíkẹ́ẹ̀tì kó tó tan iná kankan.