Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Mẹ́ńbà Kílọ́ọ̀bù Gọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìbejì,

Mo gbọ́ pé ní ìpàdé yín tó kọjá, ẹ dìde, ẹ tún fìlà ṣe, ẹ sì dá a lábàá pé kí àlejò tó bá fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù ní pápá yín máa san ìlọ́po mẹ́ta, kó má yọjú rárá láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú, kó sì máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta títí mẹ́ńbà yóò fi gbá tán. Wọ́n ní àtẹ́wọ́ pọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wọ àdúgbò New Benin pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, tí onílé yín, ọmọ Ẹ̀dó, kọ́kọ́ kí "Obokhian" kó tó bi yín léèrè owó ilé?

N kò bá yín jà lórí Sátidé o. Ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ tó ń gé koríko, tó tún ń dáwó nígbà tí òjò bá wó ògiri, ó tọ́ kó ní àárọ̀ Sátidé tirẹ̀. Ní Muirfield nílẹ̀ Scotland, níbi tí ẹgbẹ́ kan tó ti wà láti 1744 ti ń gbá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò láti ọjọ́ pípẹ́. Owó ibẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n àlejò ti mọ ọjọ́, ó ti mọ iye, kó tó kúrò nílé rẹ̀, àwọn onílé á sì tún jẹ́ kó jẹun ọ̀sán nínú yàrá wọn, bó bá ṣáà ti wọ kóòtù tó so táì. (Àwọn Muirfield yìí náà ló jẹ́ pé 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò pé kí obìnrin lè di mẹ́ńbà, torí náà n kò ní kí ẹ kọ́ gbogbo ìwà wọn.) Ní St Andrews ńkọ́, níbi tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù ti ń ṣe bí ẹni lọ sí Mẹ́kà? Pápá Old Course tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Ilẹ̀ ìlú ni. Àlejò á fi orúkọ sílẹ̀ fún kèké, bí kèké bá mú un, ó di kó gbé àpò. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, àwọn ará ìlú ló ń mú ajá wọn rìn kiri lórí rẹ̀.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ kò mọ mẹ́ńbà yàtọ̀ sí àlejò. Ọ̀pá 14 ló fàyè gbà nínú àpò ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù tó bá wọgbó, ìṣẹ́jú 3 lẹ ní láti fi wá a láti 2019. Ìṣẹ́jú 5 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ bí ẹ ṣe ń wá bọ́ọ̀lù? Ẹ óò wo abẹ́ ewé, ẹ óò bi kádì tó ń gbé àpò yín, ẹ óò gba fóònù, ẹ óò tún padà wo abẹ́ ewé kan náà, àwọn mẹ́rin á sì dúró lẹ́yìn yín nínú oòrùn. Ìwà ọmọlúàbí lórí pápá ni pé kí ẹni tó ń falẹ̀ jẹ́ kí ẹni tó yára kọjá. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àyàfi bí ẹni tó ń falẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ńbà.

Ẹ sì mọ̀ pé àlejò nílò ìtọ́sọ́nà ju ẹni tó ń gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà láyé àtijọ́, iyanrìn ló wà yí ihò ká, kì í ṣe koríko: iyanrìn tí wọ́n fi òróró ẹ́ńjìnnì pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Browns là ń pè é. Kádì á mú irin pẹlẹbẹ, á fà á láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà títí dé ẹnu ihò, kí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá lè parẹ́. Ní pápá kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé, tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ gba àárín ojú bàtà. Bọ́ọ̀lù yà bàrà bí ọ̀mùtí. Àwọn mẹ́ńbà tó wà ní báráńdà rẹ́rìn-ín, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n fà á fún un. Kádì ló sáré dé pẹ̀lú irin. Kádì mọ ẹni tó ń fún òun lówó ọwọ́. Wọ́n ní àlejò lawọ́ ju mẹ́ńbà lọ; ẹ má bínú, àwọn kádì ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn Èkó, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀ ní 1938, European Club ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti ṣe iṣẹ́ gétímáànù. Ní 1943 ni wọ́n dá Island Club sílẹ̀ kí dúdú àti funfun lè jọ jókòó mu ọtí. Nígbà tó di 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone, bá iṣẹ́ wá sí Èkó. Bristol Hotel lé e nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ariwo ta nínú ìwé ìròyìn títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. N kò fi yín wé àwọn yẹn o! Owó lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo àwọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ìta tí ẹ fẹ́ fi àlejò sí yẹn, ìdí àwọn bàbá wa mọ bó ṣe le tó.

Ẹni tó bá ti Auchi wá ra táìlì ní ṣọ́ọ̀bù yín, ṣé ẹ máa ń ní kó dúró kí àwọn ará New Lagos Road kọ́kọ́ rà tán? Àga lẹ̀ ń fún un. Ẹ óò ní kí ọmọ lọ ra omi tútù. Owó tí ẹ óò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ ju tàwọn tó mọ ọjà lọ, Ọlọ́run ló mọ̀, àmọ́ ẹ kì í gba iyì rẹ̀ mọ́ owó rẹ̀. Ẹ gba owó pápá lọ́wọ́ àlejò, ẹ kọ iye rẹ̀ sára ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá a lé e lórí lẹ́nu géètì, ẹ yan ọjọ́ fún un. Tó bá ti lè san án, tó sì ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, agbágọ́ọ̀fù ni.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àbúrò Ìyá Ìbejì tó wà ní Ìbàdàn pè mí lánàá. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti kó ọ̀pá rẹ̀ sínú mọ́tò, ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin lòun ti fẹ́ gbá. N kò sọ nǹkan kan fún un nípa ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè é, kí ẹ ṣàlàyé bẹ́ǹṣì náà fún àna yín. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín, àlejò tí kò sanwó ẹgbẹ́.