Ìjẹ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mẹja-Tán

Nínú àwa Yorùbá East Dulwich tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja ní Rye Lane, Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bóyá ni aláìmọ̀kan kan wà tó láyà tó mi lórí ọ̀rọ̀ ẹja grouper. Mo ti fariwo jiyàn pé àwọ̀ ni a fi ń dá irú rẹ̀ mọ̀, pé orúkọ Látìn tí àwọn onímọ̀ fún un kì í yẹ̀, àti pé, yẹ̀ o, kò yẹ̀ o, orúkọ náà ò kan ọlọ́bẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wó lé mi lórí. Ti àwọ̀ ò tilẹ̀ gba àlàyé: ẹja yìí ń pààrọ̀ àwọ̀ nínú omi, ikú àti yìnyín á sì pa ìyókù rẹ́ kó tó dórí àtẹ. Ẹ̀gún lẹbẹ àti ìpẹ́ ni onímọ̀ ń kà. Àwọ̀ ni èmi ń wò bí ẹni tó fẹ́ mú aṣọ ẹbí. Akọ àti abo pàápàá ò ràn mí lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ayé ní abo, tó ń di akọ tó bá dàgbà.

Ti orúkọ ni mo ti ṣì jù. Étienne Geoffroy Saint-Hilaire, tó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì, ló sọ irú kan tó wà létíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Serranus aeneus lọ́dún 1817. Lọ́dún 1830, Achille Valenciennes fi erékùṣù Gorée ní Sẹ́nẹ́gàlì sọ òmíràn ní Serranus goreensis. Lónìí, méjèèjì ti wọ agbo Epinephelus, tí Marcus Bloch dá sílẹ̀ ní 1793. Ìdílé Serranidae tí a kà wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó yẹ DNA wọn wò ti kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sínú Epinephelidae. Ẹ lè wí pé ẹni tí ò mọ ilé ẹja kò lè kọ́ni ní orúkọ rẹ̀. Ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: tí ẹja bá kúrò ní agbo kan, orúkọ àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti agbo, á yí padà, orúkọ kejì ló ń bá a lọ, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú àkámọ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti kó ilé. Èmi tí kì í yẹ̀, àkámọ́ wo ni mo fi sílẹ̀ rí?

Ẹnìkan á ní a kì í fi Látìn se ọbẹ̀, òótọ́ sì ni; Titus àti pànlá lásán la ń pè, kò sì sẹ́ni tó ń ṣìnà lọ́jà. Síbẹ̀, òfin ilẹ̀ yìí ní kí olùtajà jẹ́ kí oníbàárà mọ orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún ẹja. Irú grouper kan, Epinephelus marginatus, wà lára àwọn tí IUCN, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ní ewu ìparun ń wu. Tí gbogbo wọn bá ń jẹ́ grouper lórí yìnyín, èyí tó ń tán lọ á máa tán lọ lábẹ́ orúkọ èyí tó ṣẹ́kù. Àtakò kan ṣoṣo ni mi ò rí fèsì: mímọ orúkọ ẹja délẹ̀ kò tíì mú kí ẹnikẹ́ni dín owó rẹ̀ fún mi.