Ẹ Jẹ́ Kí N Mu Mọ́ọ̀tì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀dùn ọkàn ni mo gbé wá bá yín. Bí ìmọ̀ràn bá wà lẹ́nu yín, ẹ dákun, ẹ gbé e mì. Ìmọ̀ràn ló fẹ́ rán mi sọ́run, kì í ṣe àtọ̀gbẹ.

Adum ni mo ti ń ṣòwò, níbi tí ọjà Kumasi ti gbóná jù lọ. Aṣọ ni mo ń tà, dúdú àti pupa tí àwọn Aṣáńtì ń wọ̀ lọ síbi òkú lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tí ìjọba Busia lé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá lọ, bàbá tún padà wá. Busia alára kò pẹ́ lórí àga. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1972, Acheampong àti àwọn ṣọ́jà rẹ̀ gbàjọba mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó ṣe Busia ló ṣe èmi náà. Nígbà tí mo lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, àwọn ṣọ́jà inú ara mi, tó yẹ kí wọ́n máa bá mi lé kòkòrò àìsàn, dìtẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n ya bo ẹ̀yà ara kan tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ikùn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, wọ́n sì run àwọn tó ń ṣe insulin níbẹ̀. Láìsí insulin, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò lè wọnú ẹran ara. Á kàn máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ara. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní nìyẹn. Ṣọ́jà Gánà ti padà sí bárékè láti ọdún 1993. Tèmi kò tíì gbọ́. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fún ara mi ní insulin láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ọjọ́ ayé mi.

Ẹ fẹ́ bi mí pé kí ni mo jẹ tó fà á, àbí? Ẹ má ṣèyọnu, gbogbo Adum ti bi mí tán. Maame tó ń ta kenkey lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní búrẹ́dì àti mílíìkì ni. Àbúrò ìyá mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, "Ṣé o ò máa jẹ Milo lẹ́bu nígbà tó o wà ní kékeré?" Bí mo ṣe ń sọ fún un pé kò sóhun tí mo jẹ tó fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń ka gbogbo ohun tí mo ti jẹ láti ìgbà ìkómọjáde mi sí mi létí. Ọkùnrin kan wà tó máa ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ tro-tro ní Kejetia. Ìgò kan ṣoṣo, àtọ̀gbẹ lọ, jẹ̀díjẹ̀dí lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, àgàn rọ́mọ bí, ẹni tí kò níṣẹ́ ríṣẹ́. Mo dúró títí kí n gbọ́ bóyá á fi owó ilé kún un.

Ìdámẹ́ta àwọn ará Adum ní àrùn àgbà ni, pé ọmọdé bíi tèmi kò lè ní in. Ìdámẹ́ta ní àrùn ọmọ ọwọ́ ni, pé mo ti dàgbà jù. Ìdámẹ́ta tó kù ní ayé ló ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Theresa May nígbà tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀ ní 2012. Àwọn dókítà kọ́kọ́ pè é ní oríṣi kejì, ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé oríṣi kìíní ni. Ó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016. Kò sẹ́ni tó ní kí ó lọ yẹ ìdí ìyá ọkọ rẹ̀ wò.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe mí, ìtọ̀ ni mo ń tọ̀ lọ́sàn-án lóru, omi ni mo ń mu bí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìtọ̀ kì í sì í ṣọ̀fẹ́ ní Adum o. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ á sanwó fún onílé ìyàgbẹ́, ẹni tó bá sì tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á bá àwọn tó ń mú èèyàn pàdé. Owó ìtọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ mi. Onílé ìyàgbẹ́ yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Àwọn kan tún ní kí n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí n máa gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ kẹ̀! Kí Banting àti Best tó ṣàwárí insulin ní Toronto ní 1921, ebi ni àwọn dókítà fi ń wo irú wa. Wọ́n á fi ebi pa ọmọ títí ó fi ku egungun, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i láyé. Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 1922, ó sì fi í lo ọdún mẹ́tàlá sí i. Dọ́là kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ni ẹ̀tọ́ insulin gbà lọ́wọ́ yunifásítì Toronto. Dọ́là kan! Ẹ bá mi bi àwọn tó ń tà á lónìí bóyá wọ́n gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ti strip tí mo fi ń yẹ ṣúgà wò ló tiẹ̀ burú jù. Bí mo bá gún ìka mi, owó strip ló ń dùn mí, ìka kì í dùn mí mọ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí yìí, ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ẹni tó ń gba insulin, ṣúgà rẹ̀ a máa ga, a sì máa wálẹ̀. Gíga nìkan ni gbogbo ayé mọ̀. Bó bá wálẹ̀ ju 4 lọ lórí ẹ̀rọ tiwa ní Gánà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ọ́, ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ ọ lẹ́nu, inú á máa bí ọ sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́. Bí ṣúgà kò bá tètè wọlé, o lè dákú, o sì lè bá a lọ. Oògùn rẹ̀ kò sì lè rọrùn jù báyìí lọ: ohun dídùn tó ní ṣúgà bíi gíráàmù 15, kí o dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí o tún yẹ ara rẹ wò. Ìdí nìyẹn tí mọ́ọ̀tì fi ń wà lábẹ́ tábìlì mi nígbà gbogbo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn oníbàárà dà bò mí nítorí òkú ọjọ́ kejì, wọn ò jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Yáàdì mẹ́rin ni obìnrin kan rà, mo wọn mẹ́fà fún un, ẹ ò sì rí i kó sọ̀rọ̀. Mo na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mo gbé mọ́ọ̀tì mi. Kí n tó ṣí i, Maame oníkenkey ti fò bá mi, ó já a gbà. Ó ń pariwo orúkọ tí wọ́n ń pe àtọ̀gbẹ ní èdè Twi pé, "Asikyire yareɛ! Mọ́ọ̀tì lẹni tó ní asikyire yareɛ ń mu? Ṣé o fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?" Èrò pé. Ẹnì kan ní mo ti mutí. Ẹnì kan ní tramadol ni. Ẹnì kan gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Twi. Àwọn yòókù ń kí mi ní "due, due," bí ẹni tí òkú ti kú fún. Ọ̀rọ̀ kò lè já gaara lẹ́nu mi. Mo kàn ń nawọ́ sí ìgò náà. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ló gbà mí. Ó ya àárín wọn kọjá, ó ti tọ́fì mẹ́ta sí mi lẹ́nu, ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí ojú mi là, ó gba owó tọ́fì rẹ̀ kó tó lọ. Maame sì ti mu mọ́ọ̀tì náà tán, ó ní kó má baà ṣòfò.

Mo rò pé ní ilé ìwòsàn ni n ó ti rí ẹni mi. Ìdájí ni à ń dé, láìtíì jẹun, láti wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà ló kún ibẹ̀, oríṣi kejì ni tiwọn, wọ́n sì jẹ́ èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ni àbúrò gbogbo wọn. "Ọmọ mi, bá mi ra omi wá." "Ọmọ mi, bá mi ka nọ́ńbà mi." Nọ́ọ̀sì yóò pe orúkọ mi, yóò wo ẹ̀yìn mi, yóò ní, "Bàbá ẹ ńkọ́?" Àwọn ọmọdé ní dókítà tiwọn. Àgbà ní bẹ́ńṣì tiwọn. Àwa tí a wà láàárín, tí a fẹ́ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí a fẹ́ fẹ́, ta ni ká bi? Ìyá àgbà tó jókòó tì mí ni mo bi. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ná.

Wọ́n kà wá ní 2024, wọ́n ní àgbàlagbà 589 mílíọ̀nù ló ní àtọ̀gbẹ lágbàáyé. Mílíọ̀nù 589, kò sì sí ẹyọ kan tí mo lè bá jókòó ní Adum!

Ìgbà tí mo wá rí ẹni mi, níbi tí mo ti ń ná owó strip ni. Ọmọkùnrin aránṣọ kan wà níwájú mi, òun náà ń ná an, ó ń bá oníṣòwò oògùn jà bí ẹni ń jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó yíjú, ó rí páálí tó wà lọ́wọ́ mi, kò kí mi, ó kàn bi mí ní Twi pé, "Mélòó ni tìẹ láàárọ̀ yìí?" Mo ní 9. Ó ní òun 14, pé ẹ̀bi fùfú àná ni. Ẹ̀yin ará, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Kò bi mí pé kí ni mo jẹ tó fà á.

Ó mú mi mọ àwọn yòókù: onídìrí kan, ọmọ yunifásítì KNUST kan, àti "mate" kan tó ń gba owó nínú tro-tro. Ọjọ́ Ìsinmi la máa ń pàdé níwájú ìsọ̀ mi, nígbà tí Adum bá ti pa rọ́rọ́. Àwọn ló kọ́ mi pé ẹ̀gbẹ́ ìka ni à ń gún, kì í ṣe orí rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kì í dunni tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa pààrọ̀ ojú ibi tí mo ń gún abẹ́rẹ́ sí, kí awọ má baà le. Wọ́n ní kí n gé òkèlè kù, kí n má gé ọbẹ̀ kù. Nígbà tí dumsor bá mú iná lọ, ìkòkò ni onídìrí ń fi tọ́jú insulin rẹ̀: ìkòkò kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín, aṣọ tútù lórí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú ìkòkò yẹn di olókìkí, nítorí tòmátì àti ìgbá ni. A kàn fi nǹkan tiwa rọ́pò tòmátì.

Ẹ má rò pé wọ́n dáa tán o. Àwọn èèyàn yìí kò ní ìtìjú. Wọ́n á pè mí lóru bi mí pé mélòó. "Mate" ti yá strip mi, ó ní òun á san án padà nígbà tí epo mọ́tò bá wálẹ̀. Bí inú bá ń bí mi sí wọn, wọn kì í bẹ̀ mí. Wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ yẹ ara mi wò, bóyá ṣúgà ló wálẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí mo ti lè bínú lọ́nà tó tọ́ mọ́ láyé mi.

Ọmọ KNUST wa fẹ́ràn ìwé, ó sì máa ń fi ìtàn dá wa lára yá. Ó ní ọ̀nà tiwa kì í ṣe tuntun. Ní 1934, òǹkọ̀wé H. G. Wells àti dókítà R. D. Lawrence, alátọ̀gbẹ làwọn méjèèjì, dá ẹgbẹ́ alátọ̀gbẹ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ náà ni Diabetes UK lónìí. Ó tún sọ ti Eva Saxl, obìnrin Czech tó sá lọ sí Shanghai. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí insulin wọ́n níbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ fi pancreas ẹfọ̀n ṣe é nínú yàrá ìwádìí, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ehoro, àwọn alátọ̀gbẹ tó lé ní igba sì rí i lò. "Mate" bi í pé níbo la ti lè rí ẹfọ̀n ní Kumasi. A ṣì ń rò ó.

Ní Accra, Diabetes Youth Care ń kó àwọn ọ̀dọ́ alátọ̀gbẹ jọ. Tiwa kò ní orúkọ, kò ní alága, a ò sì gbowó ẹgbẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó ní in.

Mo ti ní kí ẹ gbé ìmọ̀ràn yín mì. Ẹ jẹ́ kí n wá fún yín ní tèmi. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tó ń wá ohun dídùn, ẹ fún un kó mu ún, ẹ bi í léèrè lẹ́yìn. Bí ọmọ yín bá sì ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ láìdá, tó ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àyẹ̀wò náà kò gbà ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lọ.