Ayùn Gígùn, Ọrùn Wíwọ́

Bí baálé ilé bá fẹ́ ra ayùn ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀ka igi, èyí tó gùn jù ló máa ń nawọ́ sí, bí ẹni pé òṣùpá ló fẹ́ rẹ́ lulẹ̀. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún un pé bí ọ̀pá bá ṣe ń gùn sí i ni apá ń ro ó sí i.

Ọ̀pá alumíníọ́mù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iná mànàmáná fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 10, ó kéré tán, jìnnà sí wáyà iná. Ẹ má sọ pé wọn ò mú iná wá láti àná: ọjọ́ tí ayùn bá kan wáyà gan-an ni wọ́n máa ń rántí àdúgbò yín.

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ abẹ́ ẹ̀ka díẹ̀, kí èèpo igi má baà ya tẹ̀ lé e bó bá ń já bọ̀. Ẹ wá bọ́ sókè. Nígbà tí ẹ bá ń fà á ni eyín ayùn ń jẹ igi, nítorí náà ẹ yé tì í bí ọkọ̀ tó kú. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀ka.

Ta ló máa sọ ìyẹn fún àwọn ọmọdé? Wọ́n ti gbé abọ́ dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Máńgòrò ni wọ́n ń wò. Alábàágbé di ẹnjiníà: “Ẹ fà á sọ́tùn-ún, Bàbá Ṣadé!” Láti ojú fèrèsé ni Ìyá Ṣadé ti ń béèrè bóyá ọmọkùnrin tó máa ń bá wọn gun igi náà ti kó kúrò ládùúgbò ni.